Aṣọ Ojú Kọ̀ǹpútà àti Ẹ̀ṣọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ni, pàápàá kọ̀ǹpútà tí ó ti dàgbà. Ẹ má ṣe tìtorí èyí ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nílé wọn, lórí tábìlì bàbá tàbí ní kọ̀rọ̀ yàrá àlejò, tí a fi aṣọ léèsì bò kí eruku má ba à wọ inú rẹ̀.

Windows XP ni ó wà nínú tiwa. Ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé Windows náà jáde fún títà. Ọjọ́ 8 oṣù Igbe ọdún 2014 ni wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró fún àwọn onílé bíi tiwa. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ihò kan bá ṣí lára rẹ̀ lónìí, kò sí ẹni tí yóò bá wa dí i mọ́. Ẹnìkan lè bi mí pé, èéṣe tí a kò fi gbé e sọnù? Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Bàbá mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà kí ó tó fẹ̀yìn tì, ti tẹ oríkì ìdílé wa sínú kọ̀ǹpútà náà láti ẹnu ìyá rẹ̀, ìyá náà sì ti lọ. Lẹ́tà wà níbẹ̀, ìwé ìpàdé ẹbí wà níbẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Mo ti ṣe àdàkọ gbogbo rẹ̀ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì rọ ẹ̀yin náà pé kí ẹ tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bàbá ṣì ń jókòó tì í lójoojúmọ́, ó ń fi kún ohun tí ó wà níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lò, kò sì fẹ́ òmíràn.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ewu kì í sábà gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ohun ọ̀ṣọ́ ni ó máa ń bá wọlé. Àbúrò á gbé fọ́tò dé láti fóònù, ọmọ ẹ̀gbọ́n á gbé ẹja aláràbarà dé nínú flash pé kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà bàbá àgbà. Kò pẹ́, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a gbé ohun ọ̀ṣọ́ méjì kan yẹ̀ wò.

Èkínní ni èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní wallpaper, àwòrán tí a ń rí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà tí a kò tíì ṣí iṣẹ́ kankan. Èkejì ni screensaver, èyí tí ó máa ń yọ síta fúnra rẹ̀ bí a bá dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì máa ń pòórá bí a bá ti fọwọ́ kan máòsì. Nítorí pé Yorùbá ni a ń sọ, ẹ jẹ́ kí n yá orúkọ méjì lò títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi parí: n ó pe ti àkọ́kọ́ ní aṣọ, n ó sì pe èkejì ní ẹ̀ṣọ́. Àwọn onímọ̀ èdè-ìperí tí ó wà láàrin wa lè bá mi wí bí kò bá tọ́. Mo mọ̀ pé nínú òwe tí ó ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ohun ọ̀ṣọ́ ni ẹ̀ṣọ́ ń jẹ́. Ìyẹn náà kò burú fún ohun tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ilé ni mo ní lọ́kàn jù. Aṣọ kì í dá nǹkan ṣe. A tẹ́ ẹ síbẹ̀ ni, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Ẹ̀ṣọ́ ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀, ó mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ̀ rí sínú ọgbà rẹ̀ kò ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ra aṣọ lọ́wọ́ àjèjì. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a mọ̀ dájú, nítorí pé nínú kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì jọra lójú.

Kí ni ó tilẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́? Mọ́nítọ̀ ayé àtijọ́ ni, èyí tí ó ní ẹ̀yìn ńlá bíi ti tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà. Wọ́n kun ohun kan tí wọ́n ń pè ní phosphor sí inú gíláàsì rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni iná mànàmáná ti ń ta sí i, ibi tí ó bá sì bà ni ó ń tàn. Phosphor yìí a máa gbó bí ó bá ti ń tàn. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ń yí padà, gbogbo rẹ̀ a jọ máa gbó pọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan náà bá dúró lójú kan fún oṣù àìmọye, ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà a gbó ju àyíká rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá pa ẹ̀rọ, òjìji ọ̀rọ̀ náà a ṣì wà lára gíláàsì. Irú òjìji yìí wọ́pọ̀ lára àwọn mọ́nítọ̀ tí wọ́n fi ń kọ àkókò ọkọ̀ òfurufú, àti lára ẹ̀rọ tí ń sanwó ní báǹkì, nígbà tí wọ́n ṣì ń lo mọ́nítọ̀ ẹlẹ́yìn ńlá.

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1983, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Socha tẹ ètò kékeré kan jáde nínú ìwé ìròyìn Softalk fún àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà IBM. SCRNSAVE ni ó pè é. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan kan, ètò náà a sọ ojú mọ́nítọ̀ di dúdú. Ó tán. Kò sí ẹja, kò sí òdòdó. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ gidi ni. Nígbà tí ó di 1989, ilé-iṣẹ́ Berkeley Systems gbé After Dark jáde fún Macintosh, nínú èyí tí ẹ̀rọ ayan-búrẹ́dì ti hu ìyẹ́ tí ó ń fò kiri. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Láti ìgbà náà lọ ni ẹ̀ṣọ́ ti di eléré, tí a kò sì béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ tí ó gbòde lẹ́yìn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní LCD, kò ní phosphor báyìí. Bí òjìji bá tilẹ̀ hàn lára rẹ̀, ó sábà máa ń kúrò bí a bá fún un nísinmi. Nítorí náà ẹni tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ kò nílò ẹ̀ṣọ́ rárá. (Àwọn fóònù àti tẹlifíṣọ̀n OLED ti òde òní tún dá ọ̀rọ̀ náà padà, nítorí ohun tí ń tànmọ́lẹ̀ nínú tiwọn náà a máa ṣá, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bàbá mi.)

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí aṣọ, nítorí òun ni ó dùn ún ṣe jù, òun náà sì ni a fi ń dẹ́rù pa kọ̀ǹpútà láìmọ̀.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti lo XP rí ni ó mọ òkè kékeré kan tí koríko bò, tí ojú ọ̀run búlúù àti ìkùukùu funfun wà lókè rẹ̀. Bliss ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya á. Àbúrò mi kan tilẹ̀ ti jiyàn rí pé òkè Obudu ni. Àwòrán gidi ni, fíìmù sì ni wọ́n fi yà á: Charles O'Rear ni ó ya á ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1996, ní agbègbè Sonoma ní California, lẹ́bàá títì ọkọ̀. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ó ń tu ojú òun lára.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú irú àwòrán bẹ́ẹ̀? Ó gé e sí ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké. Bliss tí ó bá XP wá jẹ́ ẹ̀kán 800 ní ìbú, 600 ní òró. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, ó jẹ́ 480,000. Báìtì mẹ́ta ni ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí náà àwòrán náà gba nǹkan bí 1,440,000 báìtì. Mọ́nítọ̀ tiwa jẹ́ 1024 sí 768. Aṣọ tí ó bá a mu rẹ́gí yóò gba 2,359,296 báìtì. Ẹrù kékeré ni èyí.

Nísinsìnyí, ẹ wo fọ́tò tí fóònù òde òní ń yà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ 4000 sí 3000. Mílíọ̀nù méjìlá ẹ̀kán ni ìyẹn. Ní báìtì mẹ́ta mẹ́ta, ó di mílíọ̀nù 36. Ẹnìkan lè sọ pé, ṣùgbọ́n mo wo fáìlì náà, kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Òótọ́ ni. Fáìlì JPEG dà bí agbádá tí a ká sínú àpò. Ó kéré nígbà tí ó wà ní kíká, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ wọ̀ ọ́, a gbọ́dọ̀ tú u. Bí a bá sọ JPEG di aṣọ, XP yóò tú u palẹ̀, yóò sì fi ẹ̀dà rẹ̀ tí ó ti tú pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi BMP. Ìrántí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní RAM, kò pọ̀ lára ẹ̀rọ ìgbà náà. Megabyte 64 ni Microsoft ní ó kéré jù lọ tí XP fi lè ṣiṣẹ́, 128 ni wọ́n sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí a ní. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ó bá tú di 36 ju ìdámẹ́rin 128 lọ. Gbogbo èyí fún mọ́nítọ̀ tí kò lè fi ju 1024 sí 768 hàn! Ẹ ò rí i pé agbádá ọ̀kọ́lé ni a wọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́ta?

Nítorí náà, kí a tó gbé fọ́tò wá sórí kọ̀ǹpútà àgbà, kí a gé e kù lórí fóònù tí ó yà á. Òun ni ó ní agbára. Ètò Paint tí ó wà nínú XP náà lè dín in kù, ní abẹ́ "Image", níbi tí a kọ "Stretch/Skew" sí. Bí a bá fi 25 sí ìbú àti òró fọ́tò 4000 sí 3000, yóò di 1000 sí 750. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Paint ìgbà náà kò mọ́ tó. Etí àwòrán a máa rí ṣákaṣàka.

Bí a bá ti ní àwòrán tí ó tó, kí a fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ibi tí ó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, kí a yan "Properties", kí a yan "Desktop", kí a sì fi "Browse" wá a. Ọ̀nà mẹ́ta ni XP ń gbà tẹ́ aṣọ. "Center" a gbé e sí àárín bí ó ti rí. "Stretch" a fà á títí yóò fi kan etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ṣọ́ra fún èyí, nítorí kò bìkítà bí àwòrán ṣe rí tẹ́lẹ̀. Fọ́tò ìyá àgbà tí a fi fóònù yà ní òòró, bí a bá fi "Stretch" tẹ́ ẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá a fẹ̀ débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an kò ní í dá a mọ̀. Windows 7, tí ó jáde ní 2009, ni ó mú àwọn ọ̀nà tí ń bá ni pa ìrísí àwòrán mọ́ wá. Lórí XP, àwa ni kí a gé e ní ìbú mẹ́rin sí òró mẹ́ta kí a tó gbé e síbẹ̀.

"Tile" ni ọ̀nà kẹta, òun ni mo fẹ́ràn jù, n kò sì mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi pa á tì. Àwòrán kékeré kan ni "Tile" ń mú, tí ó ń tò ó léra wọn títí ojú mọ́nítọ̀ yóò fi kún. Ta ni kò rí i pé iṣẹ́ alárò ni èyí? Àdìrẹ ẹlẹ́kọ wa kún fún aṣọ tí a pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin, tí ọnà wà nínú igun kọ̀ọ̀kan. Ìbàdàndùn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nínú èyí tí a ti ń rí òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929. Bí a bá ya igun kan ṣoṣo lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kí a yà á láti òkè tààrà, níbi òjìji, kí oòrùn má ba à sọ apá kan di funfun; kí a wá gé e gan-an níbi tí ìlà ìpín ti pàdé, kí etí òsì lè bá etí ọ̀tún mu, kí òkè sì bá ìsàlẹ̀ mu. Bí ó bá jẹ́ 200 sí 200, 120,000 báìtì ni gbogbo ẹrù rẹ̀. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá Bliss, síbẹ̀ ojú mọ́nítọ̀ á kún fọ́fọ́, aró á sì dúdú minimini. Ohun kan ni kí a kíyè sí: lórí tiwa, lẹ́tà funfun ni a fi kọ orúkọ fáìlì sójú kọ̀ǹpútà. Bí ọnà funfun inú àdìrẹ bá pọ̀ jù, bàbá kò ní í rí orúkọ kà. Kí a yan ibi tí aró ti pọ̀ ju funfun lọ.

Àwọn kan fẹ́ kọ oríkì tàbí orúkọ sára aṣọ náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ìṣòro wà lórí àmì ohùn. Àwọn lẹ́tà ìgbà náà sábà máa ń ní ẹ àti ọ, nítorí pé àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n nínú èdè tiwọn. Ṣ kò sí nínú tiwọn, nítorí náà kò dá ni lójú pé a ó bá a. Bí a bá sì gbé àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, àmì a lè yà sọ́tọ̀ tàbí kí ó di àpótí kékeré. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a kọ ọ́ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tuntun, kí a sọ ọ́ di àwòrán, kí a tó gbé e wá. Àwòrán kì í ṣi àmì ohùn sọ.

Mo ti ní aṣọ kì í dá nǹkan ṣe. Ó yẹ kí n fi ẹ̀ka kan sí i kí àwọn tí ó mọ̀ má ba à dá mi lẹ́jọ́. Ní ìparí 2005, wọ́n rí i pé irú àwòrán kan tí ń jẹ́ WMF lè gbé àṣẹ wọ inú Windows. Microsoft dí ihò náà ní ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2006. Ẹ̀rọ XP tí ó bá ti gba àtúnṣe Service Pack 3 ti ọdún 2008 ti kọjá ti WMF náà. Síbẹ̀ kí a máa lo BMP àti JPEG tí a fọwọ́ ara wa yà.

Ó wá ku ẹ̀ṣọ́. Orúkọ fáìlì rẹ̀ a máa parí pẹ̀lú .scr. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú àwòrán kan ni. Rárá o. Ètò iṣẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí fáìlì .exe ti jẹ́ ètò iṣẹ́. Orúkọ ìparí nìkan ni wọ́n pa dà. Bí àkókò tí a dá bá pé tí kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan nǹkan, Windows a pe ètò náà jáde, a sì sọ fún un pé ó yá. Ohunkóhun tí ètò lè ṣe ni ó lè ṣe. Ẹ̀rí wà pé ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́: ní 1999 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley dá SETI@home sílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tí ń gba iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi kọ̀ǹpútà tí ó jókòó lásán wá ìró láti ojú ọ̀run. Títí di 2020 ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ náà káàkiri. Ẹ̀ṣọ́ rere nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ṣọ́ bá lè ṣírò fún onímọ̀, ó lè jalè fún olè.

Ó sì ti jalè rí. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2001, láìpẹ́ lẹ́yìn tí XP dé ọjà, fáìlì kan tí ń jẹ́ gone.scr bẹ̀rẹ̀ sí í bá ímeèlì rìn káàkiri ayé. Lẹ́tà tí ó bá a wá dà bí ti ọ̀rẹ́: ó kí ènìyàn, ó ní nígbà tí òun rí screensaver yìí, ìwọ ni òun rántí. Ta ni kò ní í ṣí i? Bí a bá ti ṣí i, a fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí a mọ̀, a sì máa wá àwọn ètò tí ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà láti pa wọ́n rẹ́. Goner ni wọ́n sọ fáírọ́ọ̀sì náà. Àwọn ọ̀dọ́langba ní Israel ni ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò já ilẹ̀kùn. Ọ̀ṣọ́ ni ó fi tan ni.

Ohun tí ó tún jẹ́ kí ẹ̀tàn yìí rọrùn ni pé bí a bá ra Windows wálé, ó máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Ijó.jpg.scr, Ijó.jpg ni a ó rí. Ojú aṣọ, inú ẹ̀ṣọ́. Kí a lọ sí "My Computer", kí a yan "Tools", "Folder Options", "View", kí a sì yọ àmì kúrò níwájú "Hide extensions for known file types". Ìṣẹ́jú kan kò pé tí a ó fi ṣe é. Mo ka èyí sí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Ẹni tí kò bá ráàyè ṣe ìyókù, kí ó ṣe èyí.

Lẹ́yìn náà, kí a wo àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó ti wà nínú ilé. Inú C:\WINDOWS\system32 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Kí a lo "Search", kí a wá *.scr. Àwọn tí ó bá XP wá nìwọ̀nyí: 3D Flower Box, 3D Flying Objects, 3D Pipes, 3D Text, Beziers, Blank, Marquee, My Pictures Slideshow, Mystify, Starfield, àti èyí tí ń jẹ́ Windows XP. Orúkọ fáìlì wọn kì í fi gbogbo ìgbà jọ orúkọ tí a ń rí, ssstars.scr ni Starfield, scrnsave.scr ni Blank, logon.scr sì ni Windows XP. Bí a bá rí òmíràn, kí a má ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti wo ohun tí ó jẹ́, nítorí títẹ̀ ẹ́ ni pípè é jáde. Kí a fi bọ́tìnnì ọ̀tún yan "Properties", kí a wo "Version", bóyá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é wà níbẹ̀. Ẹ̀rí tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni o. Ẹni tí ó fẹ́ tan ni jẹ lè kọ orúkọ tí ó wù ú. Èyí tí kò bá sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó gbé e wá, kí a lé e jáde. Kò sí ohun tí a ó pàdánù. Ẹja tí ń lúwẹ̀ẹ́ nìkan ni.

Láàrin àwọn tí ó bá XP wá, kò sí olè, ṣùgbọ́n wọn kò fúyẹ́ bákan náà. 3D Pipes tí ń to páìpù káàkiri, a máa lágbára lójú ẹ̀rọ àgbà. Bí kò bá sí káàdì àwòrán tí ó dára, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣírò gbogbo páìpù náà. Microsoft pàápàá ti gba àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ń sin ọ̀pọ̀ ènìyàn nímọ̀ràn rí pé kí wọ́n má ṣe lo irú rẹ̀, nítorí ó ń gba iṣẹ́ mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́. Starfield àti Mystify fúyẹ́. My Pictures Slideshow dùn mọ́ àwọn àgbà, nítorí fọ́tò ẹbí ni ó ń fi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí mo fún yín lórí gígé fọ́tò kù kan òun náà. Blank, tí ó jẹ́ òkùnkùn lásán, ni ó sún mọ́ iṣẹ́ Socha jù lọ, òun ni mo yàn fún tiwa.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣe dáadáa títí di òní, iṣẹ́ náà sì ni ìlẹ̀kùn títì. Ní ojú ewé kan náà, nítòsí "Wait", àpótí kan wà tí a kọ "On resume, password protect" sí. Bí ènìyàn tó ju ẹyọ kan bá ní orúkọ lórí ẹ̀rọ náà, ó lè jẹ́ "On resume, display Welcome screen" ni a ó rí. Bí a bá fi àmì sí i tí a sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, ẹni tí ó bá pa dà wá sídìí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà kí ó tó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí ẹ mọ bí ojú ṣe ń yá àwọn ará yàrá yín sí ìwé àròkọ ẹlòmíràn, ẹ kò nílò àlàyé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kankan kì í pa owó iná mọ́. Bí páìpù bá ń jó lójú mọ́nítọ̀, mọ́nítọ̀ ń jẹ iná bí ẹni pé a ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ń dín iná kù ni oorun. Láti 1992 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dá àmì Energy Star sílẹ̀, kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n sùn. Mọ́nítọ̀ ẹlẹ́yìn ńlá tí ó jẹ́ íńṣì 17 lè jẹ nǹkan bí wátì 80. Ẹ wo ẹ̀yìn tiyín, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ó bá wà ní títàn fún wákàtí márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò sí nídìí rẹ̀, wátì-wákàtí 400 ló jẹ dànù, lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí lórí bátìrì, nílùú tí a ti mọ ohun tí lítà epo kan ń jẹ́. Bí ó bá sùn, ìwọ̀nba wátì díẹ̀ ni yóò máa fà. Phosphor rẹ̀ a sì sinmi pátápátá, tí ó sàn ju kí ẹja máa lúwẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀ lọ.

Ibi tí a ti ń tò ó ni "Screen Saver" nínú "Properties" yẹn kan náà. Nísàlẹ̀ ni bọ́tìnnì "Power" wà. Lórí tiwa, mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí "Wait" fún Blank, mo sì fi mẹ́wàá sí "Turn off monitor". "Turn off hard disks" ni mo fi sí "Never", nítorí dísìkì tí ó ti dàgbà kò fẹ́ràn kí a máa dá a dúró kí a sì tún máa jí i lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kan máòsì tí mọ́nítọ̀ kò bá tètè mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe gbá a. Ó ń gbóná lọ́wọ́ ni. Ẹ kà dé mẹ́wàá, àwòrán á yọ.